Ilé Tí Wọ́n Wó ní Èkó, Tí À Ń Tò Padà ní Ekenwan

Fèrèsé kẹta ló dá wa dúró. Ọmọ mi obìnrin, tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá lóṣù tó kọjá, ti to ògiri ìsàlẹ̀ dé ìpele kẹfà, ó wá ku àtẹ́rígbà. Nínú àwòrán tí a gbé síwájú, ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé ilé náà kò ní àtẹ́rígbà gbọọrọ bíi ti ilé tí à ń gbé. Ṣe ni wọ́n tẹ̀ lókè bí ọrun ọdẹ. Bíríkì ìṣeré tó tẹ̀ báyẹn wà, ṣùgbọ́n méjì péré la rí nínú gbogbo àpò wa, ọ̀kan pupa, èkejì aláwọ̀ ewé. Òjò ń lu páànù, iná ti lọ, títì Ekenwan níta, ní Benin níbí, ti kún, àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fi ẹ̀sọ̀ la omi kọjá. A tan fìtílà oníbátìrì, a tẹ orí ba abọ́, à ń wá ọrun nínú òkìtì bíríkì.

Ilé tí à ń tò yìí ni àwọn ará Èkó mọ̀ sí Ilojo Bar. Ẹ̀bá Ìta Tinúbú ló wà, ní Erékùṣù Èkó. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855 láti máa ta ọtí àti oúnjẹ níbẹ̀, Casa do Fernandez sì ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya rà á. Ní 1956, ìjọba fi í sára àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí òfin dáàbò bò. Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ni wọ́n wó o. Ọdún 161 ló ti lò lórí ìdúró.

Mo mọ ilé náà. Mo gbé Èkó fún ọdún mẹ́rin kí iṣẹ́ tó gbé mi wá sí Benin, ọ̀sẹ̀ kan kì í sábà kọjá kí n má gba Tinúbú. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti wó o, inú mi bàjẹ́ gan-an, mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í to bíríkì, tí ọmọ mi gbójú sókè, tó ní, "Dádì, òpó mélòó ló wà níwájú rẹ̀?", ẹnu mi wọ́. Ojú ilé náà ń bẹ lọ́kàn mi rekete, mo lè sọ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń bà lé e, ṣùgbọ́n n kò ka òpó kankan rí láyé mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wò ó. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ yìí ti kúrò ní eré lójú mi. Mo fẹ́ràn ilé kan, mo kẹ́dùn nígbà tó wó, n kò sì mọ iye fèrèsé rẹ̀. Ẹni tó bá ń to bíríkì kò sì lè kọ́ ògiri kan ṣoṣo pẹ̀lú ìfẹ́ tí kò ní iye.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìṣirò rẹ̀ ṣe ń lọ, torí ibẹ̀ ni adùn iṣẹ́ náà wà. Ọmọlangidi kékeré tó ń bá bíríkì LEGO wá ga ní sẹ̀ǹtímítà 4. Tí a bá ka ènìyàn sí mítà 1.7, a jẹ́ pé ohun gbogbo nínú ilé náà gbọ́dọ̀ kéré tó ìlọ́po 42 àti ààbọ̀. Láti àárín kókó kan lórí bíríkì sí àárín kókó kejì jẹ́ mìlímítà 8, èyí á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 34 nínú ilé gidi. Bíríkì kan ga ní mìlímítà 9.6, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 41. Àwọn pẹlẹbẹ wà, tí mẹ́ta wọn tó gíga bíríkì kan. Àwọn la fi ń tún ohun tí bíríkì kò lè bá mu ṣe. Gbogbo ohun tí ẹni tó kọ́ ilé náà ní 1855 fi ọwọ́ àti okùn wọ̀n, a gbọ́dọ̀ yí i sí iye kókó àti iye ìpele. Bíríkì kò ní ìdajì kókó. Bí ògiri bá fẹ̀ tó kókó kan àti díẹ̀, ìwọ lo máa pinnu bóyá kí o fi ẹ̀tọ́ ògiri dù ú, tàbí kí o gbà lára yàrá.

Níbo la ti ń rí iye náà nígbà tí ilé ti wó? Inú àwòrán ni. Ẹ wá àwòrán tí ènìyàn kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi í ṣe rúlà. Bí ọkùnrin náà bá ga ní mìlímítà 10 lórí ìwé, tí ẹnu ọ̀nà sì ga ní 18, a jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà náà tó mítà mẹ́ta, ìpele méje àti ààbọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Bó bá fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta jìnnà sí ògiri, á tóbi ju bó ti yẹ lọ, ilé yín á sì kéré. Àwòrán tí wọ́n yà láti títì náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: òkè ilé máa ń fún pọ̀, bíi pé ó ń sá sẹ́yìn. A wọn fèrèsé òkè, a wọn ti ìsàlẹ̀, wọn kò dọ́gba. Ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko la fi jiyàn lórí bóyá bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn àbí kámẹ́rà ló ń purọ́. Ọmọ mi ló ní kí a wọn ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì náà, kí a wò ó bóyá wọ́n jọ ń fún pọ̀. Wọ́n jọ ń fún pọ̀. Kámẹ́rà ni.

Àwọn tó ṣe bíríkì yìí kò ro Èkó mọ́ ọn. Ole Kirk Christiansen, káfíńtà ní ìlú Billund ní Dẹ́nmáàkì, ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1932. Igi ló kọ́kọ́ ń fi ṣe ohun ìṣeré. Orúkọ LEGO wá láti inú ọ̀rọ̀ Dẹ́nmáàkì méjì tó túmọ̀ sí "ṣeré dáadáa". Ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 1958 ni wọ́n forúkọ bíríkì oníhò nísàlẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, bíríkì ọdún náà sì ṣì ń di ti òní mú. Bíríkì mẹ́fà péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó mẹ́jọ, tí àwọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀nà 915,103,765 la lè gbà tò wọ́n pọ̀. Láti 2007, pẹ̀lú èyí tí wọ́n pè ní Café Corner, ni wọ́n ti ń ta àwọn ilé ìtajà ìgbà àtijọ́ fún àgbàlagbà: ilé kọfí, ilé ẹlẹ́fọ̀ọ́, ilé oúnjẹ Paris. Àwọn títì Yúróòpù ló kún ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ilé Àgùdà, ìyẹn irú ilé àwọn tó padà bọ̀ láti Brazil, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ya á, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kà á.

Bíríkì tiwa, òkìríkà ni. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti ń kó o wá pọ̀ mọ́ bàtà àti bọ́ọ̀lù àlòkù, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sínú àpò láìṣà á. Ìwọ á mú un délé, ìwọ á bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ sí i. Omi kò gbọdọ̀ hó o. Ike náà á ká kò. Lẹ́yìn náà lo máa wá ṣà á, aláwọ̀ lọ́tọ̀, onírú lọ́tọ̀, ojúlówó lọ́tọ̀, ayédèrú tí kì í di ara wọn mú lọ́tọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: oṣù mẹ́rin la fi kó ìwọ̀nba aláwọ̀ ìyẹ̀fun jọ tó lè tó ojú ilé kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn ilé náà, àwọ̀ méje ló ní. A ò jẹ́ kí àlejò dé ibẹ̀.

Bíríkìlà kan ń gbé ní ojúlé kejì sí wa, ọmọ Ọ̀ṣun bíi tèmi. Ó wọlé wá lọ́jọ́ kan láti kí wa, ó rí tábìlì, ó jókòó láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Ó wo ògiri tí mo tò, ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, jọ́ńtì ò gbọdọ̀ wọ jọ́ńtì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn. Bí ojú ìdè bá bá ara wọn mu láti òkè délẹ̀, ògiri yẹn á là." Mo tú u, mo tún un tò bó ṣe wí. Òtítọ́ ni: ògiri àkọ́kọ́ máa ń ṣí bí ìwé tí mo bá gbé e, èkejì le bí òkúta. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé àwọn kọ́lékọ́lé Àgùdà tí mò ń wo iṣẹ́ wọn nínú àwòrán, àwọn bíi João Baptista da Costa tó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, irú ẹnu báyìí ni wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn wí.

Ní ti ọrun tó dá wa dúró lálẹ́ ọjọ́ òjò náà, ọmọ mi náà ló tún rí i ṣe. Oríṣi bíríkì kan wà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dagun, tó fẹ̀ lókè ju ìdí lọ. Ó mú méjì, ó kọjú wọn síra lórí àlàfo fèrèsé, ó fi pẹlẹbẹ kan dè wọ́n lókè. Bí o bá sún mọ́ ọn, àtẹ̀gùn lásán ni. Bí o bá fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, ojú á tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó pariwo ayọ̀ débi pé ìyá rẹ̀ sáré jáde láti inú yàrá.

Ìgbà tí ìta ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ni mo rí i pé inú rẹ̀ ṣòro ju ìta lọ. Ilé ọtí ni. Kí ló wà lórí pẹpẹ? Ẹ bá mi ronú padà sí Èkó 1855. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu ìlú ní oṣù Kejìlá 1851, Èkó kò sì tíì di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì títí di 1861. Màdámù Tinúbú, ẹni tí ìta náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣì wà nílùú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1856, ni Kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, mú kí wọ́n lé e lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn Àgùdà ti ń padà bọ̀ láti Bahia ní Brazil, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ìmàle tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 1835. Ọkọ̀ tó ń ti Bahia bọ̀ ń kó tábà tí wọ́n ká bí okùn àti ọtí ìrèké wá. Nítorí náà, mo fi bíríkì róbótó aláwọ̀ igi ṣe àgbá ọtí, mo fi ike dúdú tín-ínrín ká tábà. Mo fẹ́ gbé ìkòkò fẹ̀jọ̀n sórí iná lẹ́yìn ilé, ẹ̀wà olómi àgbọn tí àwọn Àgùdà ń jẹ lọ́jọ́ Jímọ̀ Rere, àwo kan tí inú rẹ̀ jin ni mo fi ṣe é. Ọmọ mi bèèrè bóyá ọjọ́ Jímọ̀ Rere ni nínú ilé náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mutí lọ́jọ́ náà, ó kó gbogbo ife kúrò lórí tábìlì. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníbàárà ló kù. Láti 1978 tí ọmọlangidi wọ̀nyẹn ti dé, orí wọn pupa rúsúrúsú bí inú ẹyin adìẹ. 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe èyí tó ní àwọ̀ ara ènìyàn dúdú. Nínú àpò òkìríkà wa, orí 63 la kà, mẹ́rin péré ló jẹ́ dúdú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi orí mẹ́rin kún ilé ọtí ní Èkó? Ó dùn mí ju ti ọrun fèrèsé lọ. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ Ekow Nimako fi wú mi lórí. Ọmọ Gánà tí wọ́n bí sí Kánádà ni, bíríkì dúdú nìkan ló sì ń lò. Ní 2019, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Aga Khan ní Toronto, ó ṣe àfihàn ìlú Kumbi Saleh, olú ìlú ilẹ̀ Gánà àtijọ́, bó ṣe lè rí ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí i. Kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fún òun ní orí dúdú. Gbogbo ìlú náà ló dúdú.

Yinka Ilori sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London ni. Ní ìparí oṣù Kẹwàá 2021, òun àti ilé iṣẹ́ LEGO kọ́ ilé ìfọṣọ kan ní títì Bethnal Green ní ìlà oòrùn London, bíríkì tí wọ́n lò lé ní 200,000, àwọn ọmọ iléèwé àdúgbò sì bá wọn dá sí i. Ilé ìfọṣọ tí wọ́n máa ń mú un lọ ní kékeré ní títì Essex ló ń rántí. Kò wá ààfin, kò wá ilé ìjọba; ibi tí àwọn ìyá ti ń dúró de aṣọ, tí àwọn ọmọ ń ṣeré títí aṣọ fi gbẹ, ló rí pé ó yẹ ní kíkọ́. Nígbà tí mo rí àwòrán rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe ni mo ṣe tí mo fi yan ilé ọtí.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má rò pé Òyìnbó ló kọ́ Benin ní kíkọ́ ilé kékeré. Àpótí idẹ kan wà lára iṣẹ́ ọwọ́ ìlú yìí tí wọ́n kó lọ lẹ́yìn ogun tí Gẹ̀ẹ́sì gbé ja Benin ní 1897, tó sì dé Berlin. Ilé ààfin ni wọ́n fi àpótí náà ṣe: òrùlé rẹ̀ ga ṣóńṣó, erè ńlá rọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹyẹ wà lórí rẹ̀. Ààfin tó fara jọ ọ́ jó nínú iná oṣù Kejì 1897. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ṣe rí lè wo àpótí náà. Ẹni tó ṣe é kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí yìí. Títí di òní, àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ṣì wà ní títì Igun, ìda ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fi mọ ohun gbogbo kí idẹ tó dà sí i. Lórí títì Ekenwan tiwa gan-an ni ọgbà Yunifásítì Benin tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà wà. Mo máa ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gbé ère amọ̀ rọra kọjá láàárín ọkọ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ọmọ mi ló gbé ọ̀rọ̀ náà wálé. Ó ti ka òpó Ilojo Bar, ó ti ka fèrèsé rẹ̀, ó wá ń ka ohun gbogbo tó bá rí. Lọ́jọ́ kan tí a ń bọ̀ láti ọjà, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ògbólógbòó kan lẹ́bàá títì, alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Mo ti ń ra iyọ̀ àti ìṣáná níbẹ̀ láti ọdún tí a ti dé. "Dádì, ta ló ti wọn eléyìí?"

Títì Ekenwan yìí ń lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù, lápá ibi tí Ughoton wà, èbúté tí ọba Benin ti ń bá Potogí ṣòwò láti ìgbà tí João Afonso de Aveiro ti dé ní 1486. Àwọn Potogí tiẹ̀ ní ilé ìtajà níbẹ̀, tí wọ́n ti ń ra ata àti eyín erin. Ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí ẹrù ti ń gba ìhà yìí kọjá. Mo sì jókòó sórí rẹ̀, mo ń fi rúlà wọn ilé Èkó nínú ìwé.

A padà lọ ní ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú téèpù, bírò àti ìwé àjákọ. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù jẹ́ ọmọ Edo, á ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo kí i "Kóyo" bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín sí ohùn mi, ó sì bọ́ sí èdè pijin. Ó bèèrè bóyá a fẹ́ ra ilẹ̀ náà; ó ní àwọn ọmọ òun ti ń sọ pé kí àwọn wó o, kí àwọn fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Mo ní rárá, Ìyá, a fẹ́ wọ̀n ọ́n ni, ọmọ yìí fẹ́ ṣe kékeré rẹ̀. Ó wo ọmọ náà títí. Ó ní kí a máa wọ̀n ọ́n.

Iwájú rẹ̀ jẹ́ mítà 3 àti sẹ̀ǹtímítà 40. Ọmọ mi ṣírò ó lójú ẹsẹ̀: kókó mẹ́wàá géérégé, kò sí ìdajì. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka pákó tí wọ́n fi ń ti iwájú ṣọ́ọ̀bù náà lálẹ́, tí wọ́n tò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n Ìyá dá a lóhùn láti orí àpótí rẹ̀ láìyí ojú wò wọ́n. Mọ́kànlá ni, ó ní. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkọ òun ló fi ọ̀dà kọ ọ́, torí bí wọ́n bá ṣi ọ̀kan tò, èyí tó kẹ́yìn kò ní wọlé. A yí wọn padà. Nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, 1 títí dé 11, àyàfi ibi tí 7 ti yẹ kó wà, tí pákó náà kò ní nǹkan kan lẹ́yìn.

"Ìyẹn kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀," ni Ìyá wí. "Ti tẹ́lẹ̀ sọnù lọ́dún tí omi wọlé. Ìlẹ̀kùn yàrá wa ni ọkọ mi gé tó fi dí i."

Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣí ìwé, ó sì kọ ọ́: pákó keje, ìlẹ̀kùn yàrá.